Ìyàwó Ará Òkè Ilé Wa

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Boundary, mo ń bọ̀ láti ibi tí mo ti lọ ra òwú. Ọmọbìnrin kan jókòó tì mí, ó gbé báàgì ńlá lé itan, ó sì ń wo ọ̀tún wo òsì bí ẹni tí wọ́n ní kó wá ka gbogbo ilé àdúgbò. Nígbà tó yá, ó rọra fọwọ́ kan èjìká awakọ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí a bá dé ulé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bá mi dúró." Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ulé kẹ̀? Ará òkè ti wọ̀lú o!" Ẹni kẹta tó jókòó pẹ̀lú wa náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí kò tíì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń rín.

Mo bá a sọ̀ kalẹ̀ níbi tó ń lọ, mo sì dúró títí ẹnì kan fi ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kù èmi nìkan, n kò lọ sílé. Mo tọrọ ìjókòó lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì rẹ̀, mo ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ "ará òkè" kẹ́yìn. Mo ti rò pé ó ti bá àwọn tó ni ín lọ sí sàréè.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, "lókà" lẹ máa ń wí. Àwọn ẹ̀gbọ́n yín ń wí "rásì." Nígbà tiwa, orúkọ tí a fi ń pe ẹni tó ti oko wá pọ̀ bí ewé. Ará oko ni gbogbo ayé ń lò, ìyẹn kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ dunni. Ará ìgbẹ́ ló le, nítorí ẹranko ni ìgbẹ́ wà fún. Kò-lajú wà, fún ẹni tó bá ń fọwọ́ di etí nígbà tí ọkọ̀ òkun bá fọn fèrè ní wọ́fù Apapa. Àwọn tó ń sọ Píjìn ní tiwọn: wọ́n ní "búṣì," wọ́n ní "Jéè-Jéè-Sí," ìyẹn Jọ́ọ̀nì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwa Yorùbá pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Ńgbàtí" ni wọ́n ń pè wá, nítorí wọ́n ní kí Yorùbá tó sọ ọ̀rọ̀ méjì, á ti wí "ńgbà tí" nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ilé tí mo gbé dàgbà ní Ajégúnlẹ̀, "ará òkè" ló borí. Màmá Onílé ló fi kọ́ wa. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, ó sì máa ń jókòó sórí àga níwájú ilé láti òwúrọ̀, pákò kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ní tirẹ̀, ayé parí síbi tí omi ọ̀sà bá parí sí. Gbogbo ohun tó bá wà lẹ́yìn ìyẹn, òkè ni. Ìbàdàn, òkè. Abẹ́òkúta, òkè. Ṣàgámù tí èèyàn lè lọ kó sì bọ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, òkè náà ni. Irú àwọn ará Èkó bẹ́ẹ̀ ló sọ aṣọ tí àwọn ará òkè ń hun ní aṣọ òkè, ẹ sì ń fi ṣe ìgbéyàwó títí dòní láìbi ara yín pé òkè ibo. Bàbá mi tó ń kó ẹrù ní wọ́fù, ọmọ abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde ni. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í níbi tó ti wá, á ní, "Ìjẹ̀bú-Òde," á sì yára béèrè bóyá òjò máa rọ̀.

Ilé náà gùn, ó sì há. Yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà láàárín, ilé ìdáná kan ṣoṣo wà lẹ́yìn tí gbogbo wa jọ ń lò. Yàrá tiwa ló sún mọ́ ilé ìdáná jù, nítorí náà owó rẹ̀ kéré, aṣọ wa sì máa ń rùn bí ọbẹ̀ onílé méje. Màmá Éfè, ọmọ Ùròbò, wà nítòsí ẹnu ọ̀nà. Àwọn Ìjọ́ wà, àwọn Ìgbò wà, baba apẹja kan wà tó ń lọ sí Marine Beach ní ìdájí. Píjìn ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú ọgbà. Yorùbá wà fún inú yàrá.

Nínú àwọn ọkùnrin ilé náà, Bọ̀dá Káyọ̀dé ló gbajúmọ̀ jù. Ó ti ṣe ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ títí ó fi di awakọ̀ tírélà ní Liverpool Road. Ọmọ Èkìtì ni, ṣùgbọ́n bí o bá gbọ́ ọ lẹ́nu, o kò ní mọ̀. Ó ti fọ Èkìtì kúrò lẹ́nu ara rẹ̀ bí ẹni fọ epo kúrò lára aṣọ funfun. Ní ọdún kan, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó lọ sílé, ó sì mú ìyàwó bọ̀. Bọ́sẹ̀dé lorúkọ rẹ̀. Kò tíì pé ogún ọdún. Ó ga, eyín rẹ̀ ní àlàfo níwájú, ó sì ru apẹ̀rẹ̀ iṣu kan tí ọkùnrin méjì ìbá pín rù.

Kò tíì sọ ẹrù tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Láti yàrá dé yàrá ló lọ, ó ń kúnlẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá rí, títí kan ọmọkùnrin Màmá Éfè tí kò ju èmi lọ. "Ẹ kú ulé o. Ẹ kú ulé." Màmá Éfè ní, "Ehen, my wife, you don come." Kò gbọ́ ọ, ó tún kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó kan Màmá Onílé, ìyá náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó yọ pákò lẹ́nu. Ó ní, "Káyọ̀dé, o mà lọ gbé ará òkè wálé." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò ní orúkọ mìíràn mọ́. Ìyàwó Ará Òkè ni wọ́n ń pè é.

Àwọn ọmọ ilé máa ń wá bá a níbi tó ti ń dáná. Wọ́n á nawọ́ sí iṣu: "Àǹtí, kí lèyí?" Á ní, "Usu ni." Wọ́n á yí gbiri lórí ilẹ̀. Wọ́n á nawọ́ sí igbá: "Èyí ńkọ́?" "Ugbá." Ẹ̀rín á tún sọ. Ó rò pé ebi ló ń pa wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sun iṣu fún wọn, á ha á, á fi epo sí i, á pín in lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ ni àwọn ọmọ wọ̀nyẹn fi ń jẹ iṣu rẹ̀ tí wọ́n sì ń fi ẹnu kan náà sín in jẹ. Apẹ̀rẹ̀ iṣu náà tán kí ó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ tó mọ̀ ọ́n, mo wà níbẹ̀. Bọ̀dá Káyọ̀dé kó àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sílé ní ọjọ́ Àìkú. Bọ́sẹ̀dé gbé omi wá fún wọn, ó kí wọn ní ìkíni gígùn tí wọ́n ń kí àlejò nílé wọn. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sín in jẹ, ó ń ká ẹnu jọ, ó ń wí ulé, ulé. Àwọn yòókù ń pàtẹ́wọ́. Bọ́sẹ̀dé yíjú sí ọkọ rẹ̀. Bọ̀dá Káyọ̀dé kò wò ó. Nígbà tí àwọn àlejò lọ, a gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá.

"Má la ẹnu sọ̀rọ̀ níwájú àwọn èèyàn mi mọ́ títí wàá fi mọ èdè sọ."

"Èdè wo?"

"Èdè Èkó! Èdè ọmọlúàbí!"

Bọ́sẹ̀dé ní, "Èdè yìí mà ni yèyé rẹ fi sọ ọ́ lórúkọ." Ilẹ̀kùn dún gbàà. Bọ̀dá Káyọ̀dé jáde, ó kọrí sí ìgboro.

Láti ìgbà náà ni Bọ́sẹ̀dé ti pa ẹnu dé. Obìnrin tó máa ń kọrin bó ṣe ń gbálẹ̀ di ẹni tó ń gbálẹ̀ bí òjìji. Bí wọ́n bá kí i, á mi orí. Bí wọ́n bá bú u, á mi orí. Ní ìdí ẹ̀rọ omi, á fi ìka han garawa rẹ̀ dípò kó sọ pé òun ló kàn. Àwọn kan wí pé ó ti di agbéraga. Màmá Onílé ní àwọn ará òkè ò kúkú lọ́rọ̀ lẹ́nu tẹ́lẹ̀.

Màmá mi ni kò fara mọ́ ọn. Télọ̀ ni, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá wa. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó pè é: "Ìyàwó, wá bá mi so bọ́tìnnì." Bọ́sẹ̀dé wá, ó jókòó sórí ẹní, kò sì ní ọ̀sán tí kò wá mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Àbúrò mi Déjì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, máa ń sùn lórí itan rẹ̀. Èmi máa ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí ẹ̀kọ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òun ló bẹ̀ mí. Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ orogún: kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń pe nǹkan l'Ékòó.

"Ilé."

"Ilé."

"Igi."

"Ugi... igi."

Á gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbé ẹyin. Bó bá ṣì í, á fọwọ́ bo ẹnu, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí òun náà ní ìpín nínú rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ló ti ń sọ̀rọ̀. Ó sọ fún wa nípa kùrukùru tó máa ń bo òkè wọn ní òwúrọ̀, tí èèyàn á máa gbọ́ ìkọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lọ́nà oko kó tó rí i. Ó sọ nípa kòkó tí wọ́n ń sá, bí gbogbo ìlú ṣe máa ń ta sánsán. Màmá mi bi í nígbà kan bóyá Èkó ti ń bá a lára mu. Ó ronú, ó ní ó dà bí aṣọ tí òun yá wọ̀. Ó gba òun, ṣùgbọ́n òun ò lè na apá nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, ó ti mọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti ń lọ ra nǹkan fúnra rẹ̀ ní Boundary, kò sì sí ẹni tó ń bojú wẹ̀yìn wò ó. Bọ̀dá Káyọ̀dé ti ń bá a rẹ́rìn-ín. Ó ra bàtà fún un.

Ní àsìkò ọyẹ́ yẹn, kẹrosíìnì wọ́n bí ojú. Èyí tí wọ́n ń tà lójú pópó, wọ́n ti po pẹtiróòlù mọ́ ọn, gbogbo wa la mọ̀, gbogbo wa la sì ń rà á, nítorí oúnjẹ kò lè jinná pẹ̀lú àdúrà. Ní ọ̀sán Sátidé kan, Màmá mi ní láti gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan ní Apapa. Ibà ń ṣe Déjì. Ó tẹ́ ẹ sí yàrá, ó fi í sílẹ̀ fún Bọ́sẹ̀dé, ó sì mú mi lọ́wọ́ kí n bá a gbé aṣọ. Bọ̀dá Káyọ̀dé ti gbé ọkọ̀ lọ sí òkè ọya.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé kí a tó dé, lẹ́yìn náà la tò ó pọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé ń rọ kẹrosíìnì sínú sítóòfù tí kò tíì pa. Ó gbiná lójijì. Ẹni náà gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bọ́sẹ̀dé ti jáde síwájú láti pọn omi tí yóò fi nu ara Déjì. Nígbà tó fi máa yíjú, èéfín ti wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Àwa ti ń bọ̀ láti Apapa, a sì ń wo iwájú ilé láti òkèèrè. Ooru ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn jáde, wọ́n jókòó sábẹ́ ìbòòji, àwọn ọkùnrin ń ta dráàfù, Màmá Onílé wà lórí àga rẹ̀. Mo rí Bọ́sẹ̀dé tó dúró níwájú wọn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lókè. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Uná! Uná o! Uná!"

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé Ajégúnlẹ̀ rí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. "Una" ni Píjìn ń wí fún "ẹ̀yin." Kò sí ìṣẹ́jú kan tí ẹnì kan kì í sọ ọ́ láàárín ọgbà: una don chop? una dey come? Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ dúró níwájú gbogbo wọn, ó ń ju ọwọ́, ó ń pariwo ẹ̀yin, ẹ̀yin, ẹ̀yin.

Màmá Éfè fi ìbínú dìde. "Una wetin? Wetin we do you?"

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta dráàfù rẹ́rìn-ín títí ó fi da ọmọ dráàfù nù. "Ará òkè ti gbọ́ Píjìn!"

Màmá Onílé mi orí. "Ó yẹ kí Káyọ̀dé mú ọmọ yìí padà fún àwọn tó bí i."

Mo rí ojú Bọ́sẹ̀dé. Ó wò wọ́n láti ọ̀kan dé èkejì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé kò mọ "iná." A ti jọ pè é lórí ẹní yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í sọ èdè tí a fi àgbà kọ́. Èyí tí wọ́n fi tọ́ni lọ́mọdé nìkan ló mọ̀. Ó tú ìró rẹ̀, ó rì í bọ inú garawa omi, ó fi bo orí, ó sì sáré wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ.

Mo kígbe, "Iná ni! Iná ló ń wí! Fáyà!"

Ẹ̀rín dá wáí. Gbogbo wọn yíjú padà, èéfín sì ti ń yọ lábẹ́ páànù. Màmá mi kò kígbe rárá. Ó kàn ń sá lọ, gèlè rẹ̀ bọ́ sójú ọ̀nà, wọ́n dì í mú lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Bàbá apẹja ló gba Déjì lójú fèrèsé. Ìró tútù ni Bọ́sẹ̀dé fi wé e, ó ń ké, èjìká rẹ̀ kan ti bó. Baba náà na ọwọ́ padà láti fa Bọ́sẹ̀dé, ìka wọn kan ara wọn, baba náà máa ń sọ ọ́ títí ó fi kú. Àjà wó lulẹ̀ láàárín wọn. Nígbà tí àwọn ọkùnrin fi bẹ́ńṣì fọ́ ara ògiri, tí wọ́n gbé e jáde, ó ṣì ń mí. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló bi Màmá mi níbẹ̀: "Ọmọ ńkọ́?" Màmá mi ní ọmọ wà. Ó mi orí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi kú, alẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ni ọkọ rẹ̀ sì wọlé dé láti ìrìn àjò.

Ìyá rẹ̀ wá láti Èkìtì. Obìnrin kúkúrú ni, eyín rẹ̀ ní àlàfo níwájú. Wọ́n fi àga fún un níwájú ilé tó jó náà, gbogbo wa sì dúró yí i ká. Bọ̀dá Káyọ̀dé dọ̀bálẹ̀ sínú eruku níwájú rẹ̀, ó la ẹnu, Èkìtì ló sì ń tú jáde. Ó ń sunkún, ó ń ṣàlàyé, ó ń pe orúkọ òkú, gbogbo rẹ̀ ní èdè tí kò sí ẹni tó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ní ọ̀sán gangan, lójú àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ìyá náà gbọ́ ọ tán. Ó wá bi wá pé, ṣé Bọ́sẹ̀dé kò pariwo ni.

Màmá mi ní, "Ó pariwo, mà."

"Kí ló wí?"

Àwọn àgbà ń wo ilẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́, nítorí ọmọdé ni mí, mi ò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè wúwo tó bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Uná ni."

Ó mi orí. "Uná ni. Ó pè é bó ṣe yẹ." Ó wò wá yíká, ojú rẹ̀ kò ní ìbínú kankan, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. "Kí ló dé tí ẹ ò gbọ́?"

Ta ni yóò ṣàlàyé Píjìn fún un? Màmá Éfè fa ẹnì kan láṣọ, ó béèrè ohun tí ìyá náà wí. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó fi ìró bo orí, ó sì jókòó sílẹ̀ níbi tó wà. Màmá Onílé, tí a kò rí i kó tẹ orúnkún fún ẹ̀dá kankan rí, sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ fún obìnrin tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i gbé dìde.

Bọ̀dá Káyọ̀dé kó jáde ládùúgbò lẹ́yìn ìsìnkú, ṣùgbọ́n kò fi Liverpool Road sílẹ̀. Màmá mi pàdé rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó ti hewú. Màmá mi kí i ní Yorùbá Èkó, òun dá a lóhùn ní Èkìtì pọ́nńbélé, ó sì yíjú bá àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ wí ní èdè kan náà. Ó jọ pé kò sọ òmíràn mọ́.

Ilé náà ti di ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ tó jẹ iṣu sísun ti di bàbá àti ìyá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tiwọn kò lè sọ Yorùbá kankan, ti òkè tàbí ti Èkó. Wọ́n sọ fún mi pé ní abúlé pàápàá, àwọn ọmọ ti ń wí "ilé," nítorí rédíò àti fóònù. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń bú ará oko ń yí padà bí aṣọ ìgbà, èyí á lọ, òmíràn á dé. Àga tí a gbé kalẹ̀ fún ẹni tí a máa fi rẹ́rìn-ín nìkan ni kì í ṣófo. Èyí ló ń bà mí nínú jẹ́, n kò sì ní irọ́ dídùn kan láti fi bò ó fún yín.

Déjì kò rántí Bọ́sẹ̀dé. Àpá èjìká nìkan ló ní. Ṣùgbọ́n Màmá mi máa ń mú un lọ sí Èkìtì lọ́dọọdún láti kí ìyá Bọ́sẹ̀dé, títí ìyá náà fi dolóògbé. Màmá mi náà ti lọ báyìí, Déjì sì ń dá lọ. Ó ti di baba ọlọ́mọ, ikùn ti yọ. Níbẹ̀, ọmọ Bọ́sẹ̀dé ni àwọn àgbà ń pè é. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ máa ń tẹ̀ lé e kiri, wọ́n ń sín Yorùbá Èkó rẹ̀ jẹ, wọ́n á káwọ́ mọ́ ikùn rín in títí. Mo bi í bóyá ó máa ń bá wọn wí.

Ó ní rárá, òun á kàn jókòó tì wọ́n, òun á jẹ́ kí wọ́n rín òun tẹ́rùn.